Ẹ Má Sọ̀kalẹ̀ Nínú Ọkọ̀

Ìbarà, Abẹ́òkúta

Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́. Ara wa le, àfi orúnkún ìyá rẹ tí o ti mọ̀. Ewúrẹ́ dúdú yẹn bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Ayálégbé ẹ̀yìnkùlé ṣì jẹ wá lówó oṣù mẹ́rin, ó tún ń kí mi láràárọ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kọ́ ni mo jókòó tì.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìsìn ni, ìyá kan dì mọ́ ìyá rẹ, ó ní, "Ẹ kú oríire o! Mo rí i lórí sítátọ́ọ̀sì Tóyìn pé ó ń lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kẹ́ńyà, wọ́n fẹ́ lọ sùn sáàárín kìnnìún." Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní a ti gbọ́. A ò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí a délé ló wá bi mí pé ta ló fẹ́ sùn sáàárín kìnnìún. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò wọlé. Mo kọ̀wé sí ọ lórí WhatsApp, ó dúró lórí máàkì kan ṣoṣo fún odindi ọjọ́ méjì. Nígbà tí o máa fèsì, o ní, "A kàn fẹ́ jáde lọ gba atẹ́gùn díẹ̀ ni, sà." Atẹ́gùn! Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin. Erin gan-an lẹ fẹ́ lọ wò, ẹ wá ń pè é ní atẹ́gùn fún mi.

Ọ̀rọ̀ Tóyìn tún wà níbẹ̀. Ọdún kẹrin rèé tó ti wọ bàálù lọ sí Kánádà. Mo ti kun yàrá rẹ̀, mo ti pààrọ̀ nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé, ìyá rẹ ti ń ka ọjọ́. Ìgbà tó wá ku kó wálé, ó ní òun á kọ́kọ́ yà ní Nàìróbì. Ojú kìnnìún ni yóò kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú bàbá tó bí i. Má sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Tàbí kí o tiẹ̀ sọ fún un. Inú mi dùn pé ẹ ń wá ara yín rí, ó dùn mọ́ mi nínú ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Àmọ́ ó dùn mí náà.

Má rò pé mi ò mọ ibi tí ẹ ń lọ. Mo ti béèrè, mo sì ti kà á. Ẹ óò gba Narok kọjá, bíi wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà láti Nàìróbì, kí ẹ tó dé Maasai Mara. Igbó ọba náà fẹ̀ tó 1,510 kìlómítà níbùú lóròó. Ìsinsìnyí sì ni àwọn ẹran onírùngbọ̀n tí wọ́n ń pè ní wildebeest ń ya wọlé láti Serengeti ní Tàǹsáníà, wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n ń wá koríko tútù kiri. Ibi tí wọ́n ti ń bẹ́ sódò ni gbogbo ayé ń lọ dúró wò, tí ọ̀nì sì ti lanu sílẹ̀ dè wọ́n. Mo tún rí i pé láti oṣù Keje títí dé ìparí ọdún, 200 dọ́là lójúmọ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò òkèèrè. Mo gbójú sókè wo àjà wa tó ń jò, mi ò sọ nǹkan kan. Owó yín ni.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀: ẹ má sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo mọ̀ pé òfin ibẹ̀ ni, mo mọ̀ pé ẹni tó ń wa yín kiri á sọ fún yín. Mo ṣì ń sọ ọ́. Kìnnìún lè sùn sẹ́bàá táyà yín kó má tiẹ̀ gbójú sókè, nítorí odindi ọkọ̀ ló ń rí, kò rí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá ti kan ilẹ̀, ó ti di ẹran ẹlẹ́sẹ̀ méjì lójú ẹ̀. Kí Tóyìn má sọ pé òun fẹ́ ya fọ́tò. Kí ìwọ náà má sọ pé, "Sọ̀kalẹ̀, kí n yà ọ́." Ṣé o gbọ́?

Bó bá di alẹ́ ní ibi àgọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ wá fi tọ́ọ̀ṣì mú yín lọ mú yín bọ̀, ì báà ṣe ilé ìtọ̀ lẹ fẹ́ lọ. Erinmi máa ń jáde lómi lóru wá jẹko. Koríko ni oúnjẹ rẹ̀, kì í pa ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró sáàárín òun àti odò, ẹ ti dí ọ̀nà ilé mọ́ ọn, kò sì ní bẹ̀ yín. Bàbá àgbà yín, tó ṣọdẹ létí odò Ògùn títí ojú rẹ̀ fi ṣú, máa ń sọ fún wa pé ìbọn kọ́ ló ń jẹ́ kí ọdẹ pẹ́ láyé, imú rẹ̀ ni, kó mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ ẹran, ó ti mọ̀ pé ẹ dé kí ẹ tó rí i. Kí Tóyìn fi lọ́fínńdà rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìróbì.

Ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá ń mú láfún, ẹ̀gúsí lílọ̀ àti irú gbígbẹ bọ̀. Ìyá rẹ ti di gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kí n tó rántí pé láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2017 ni Kẹ́ńyà ti fòfin de báàgì ọ̀rá, tí ìtanràn rẹ̀ lè dé mílíọ̀nù 4 ṣílè, tí ẹ̀wọ̀n sì tún wà níbẹ̀. Ó bínú, ó ní irú ìlú wo nìyẹn. Ó wá fa ìró àdìrẹ kan yọ, èyí tó rà ní Ìtòkú nígbà ìsọmọlórúkọ Tóyìn, ó gé e, ó fi ọwọ́ rán àpò kéékèèké mẹ́ta, ó fi etí aṣọ náà so ẹnu wọn. Irú ti ń rùn jáde lára rẹ̀ báyìí. Ẹ má da àwọn àpò náà nù. Ẹ fọ̀ wọ́n.

Mo padà sórí ọ̀rọ̀ mi. O máa ń rìn ṣíwájú, Adéṣínà. Ìwà rẹ ni láti kékeré. Ṣé o rántí ọjọ́ tí mo ní kí o mú Tóyìn gun Olúmọ? Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. O ti dé òkè, o ń juwọ́ sáwọn èèyàn, Tóyìn wà nísàlẹ̀ nínú ihò àpáta níbi tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun, ó ń sunkún, ó ti tọ̀ sára. Àjòjì ló fà á lọ́wọ́ jáde. Mo nà ọ́ lọ́jọ́ náà débi pé ìyá rẹ fi ara rẹ̀ dí i. Gbogbo ilé ló yà lẹ́nu, nítorí wọn ò rí irú ìbínú bẹ́ẹ̀ lára mi rí.

Mo fẹ́ sọ ohun tó fà á fún ọ. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe kọ lẹ́tà, tí mi ò sọ ọ́ lórí fóònù tí ìyá rẹ máa ń fetí kọ́.

Ní 1982, mo ń ṣe àgùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Bauchi. Bàbá Kàdúná, àbúrò mi, wá kí mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ nígbà náà, mo sì fẹ́ kó rí i pé èmi ẹ̀gbọ́n ṣì ni ẹ̀gbọ́n. Mo mú un lọ sí Yankari. Omi Wikki yẹn, Àkànní! Kò tutù, kò gbóná, ìwọ̀n 31 lórí sẹ́ńtígíréètì ló máa ń wà tẹ̀ẹ̀rùn tòjò, ó mọ́ débi pé ò ń ka ìka ẹsẹ̀ ara rẹ lórí yanrìn ìsàlẹ̀. A wẹ̀ níbẹ̀ títí ọwọ́ wa fi hunjọ. Àwọn ọ̀bọ ńláńlá jí búrẹ́dì wa gbé, a rẹ́rìn-ín títí. Bí mo bá ń rántí àbúrò mi, ọjọ́ yẹn ni mo máa ń fẹ́ rántí.

Ọjọ́ kejì la wọ ọkọ̀ tó ń gbé àlejò yíká igbó. Táyà jò lójú ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ tó mú wa lọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀kalẹ̀, òun àti dẹrẹ́bà bọ́ sí apá kejì láti tú táyà. Erin kan wà nínú koríko lápá ọ̀dọ̀ wa, ó ń jẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo yá kámẹ́rà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Èmi ni mo ní, "Sọ̀kalẹ̀, kí n yà ọ́, kí wọ́n rí i nílé." Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ̀rù ń bà mí." Mo ní, ṣé ọmọ ọdẹ nìyẹn? Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi mú un.

Ó sọ̀kalẹ̀, èmi náà sọ̀kalẹ̀. Ó rìn wọnú koríko bí ogún ìṣísẹ̀, ó kọjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín. Mo gbé kámẹ́rà sójú. Inú gíláàsì kékeré yẹn ni mo ti rí i tí etí erin náà là, fẹ̀ẹ̀, bí ìgbà tí a bá ṣí ìlẹ̀kùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìka mi tẹ̀ ẹ́. Mo yí padà, mo sá.

Mi ò pè é. Mo rí i ṣáájú rẹ̀, ẹnu mi ò là. Mo ti wà nínú ọkọ̀ kí n tó gbọ́ igbe rẹ̀. Erin náà ò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ fi irin lu ara ọkọ̀, ẹran náà dúró, ó mi orí, ó padà. Ihò òkété ló gbé ẹsẹ̀ àbúrò mi mì níbi tó ti ń sá bọ̀. Egungun rẹ̀ kán. Ó jinná, àmọ́ ẹsẹ̀ náà kúrú.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún gbogbo ilé pé alùpùpù ló gbé òun ṣubú. Mi ò bẹ̀ ẹ́ kó purọ́. Mi ò sì ní kó má purọ́. Títí tó fi kú, kò tún dárúkọ Yankari fún mi. Ìwọ àti Tóyìn máa ń tiro tẹ̀ lé e lẹ́yìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ń sín ìrìn rẹ̀ jẹ, á máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà á máa rẹ́rìn-ín. Ìwọ ni mo wá fi ẹgba lù nítorí Olúmọ, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ẹgba yẹn ò tọ́ sí ọ. Jọ̀ọ́, má bínú.

Mi ò ní kí ẹ má lọ. Ẹ lọ. Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n bá gbà kí ẹ ti sọ̀kalẹ̀, kí Tóyìn wà níwájú rẹ, níbi tí ojú rẹ ti tó o. Bí o bá sì rí nǹkan ṣáájú rẹ̀, pariwo. Ì báà jẹ́ pé igi lásán ni, pariwo.

Má ka lẹ́tà yìí fún ìyá rẹ, èmi ni màá sọ fún un. Ka á fún Tóyìn. Mo fi fọ́tò kan sínú rẹ̀, mi ò fi han ẹnikẹ́ni rí. Bàbá Kàdúná ló ń rẹ́rìn-ín yẹn. Ẹ wo etí erin tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ