Ẹ̀sùn lórí afẹ́fẹ́ ọ́fíìsì wa: òtútù la rí gbà, a ò rí atẹ́gùn

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ amúlétutù ilé wa.

Ọ̀gá,

Ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mo gba pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta nínú ilé tí ẹ ń bá wa tọ́jú ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pe àwọn òṣìṣẹ́ yín, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n wá. Wọn kì í pẹ́, wọn kì í sì í rí èèyàn fín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí lẹ́tà yìí bá wọn jà. Àmọ́ nínú ẹ̀ẹ̀mẹ̀ẹ̀ta, kò síbi tí wọ́n ti fọwọ́ kan ohun tó ń ṣe wá.

Ohun tí mò ń sọ fún wọn ni pé afẹ́fẹ́ ilé yìí ò dára. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni pé ooru ń mú wa. Ẹni àkọ́kọ́ rọ gáàsì sí ẹ̀rọ, ó ní á tutù dáadáa. Ó sì tutù lóòótọ́: akọ̀wé mi ń wọ aṣọ òtútù lọ́sàn-án gangan. Ẹnì kejì nu ojú ẹ̀rọ. Ẹnì kẹta ló ṣe èyí tó mú mi gbé kálàmù: ó so ohun olóòórùn dídùn kan mọ́ ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde, ó ní òórùn tí mò ń ráhùn lé lórí á lọ. Ẹ ò rí i pé ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá? Lọ́fíńdà kì í sọ afẹ́fẹ́ di mímọ́. Ṣe ló tún da kẹ́míkà tirẹ̀ mọ́ èyí tó wà ńlẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà láàrin wa tó ní ásímà. Láti ọjọ́ náà, kò lè jókòó sí tábìlì rẹ̀ mọ́.

Àwa 24 la wà nínú yàrá ńlá kan tí gíláàsì fèrèsé rẹ̀ ò ṣeé ṣí. Láago mẹ́sàn-án àárọ̀, ara gbogbo wa á dá ṣáṣá. Tó bá fi máa di aago mẹ́ta ọ̀sán, oorun á ti máa kun àwọn kan, orí á máa fọ́ àwọn kan, ojú á máa ta àwọn mìíràn. Ká ṣáà jáde síta fún ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á fò lọ. Èmi kọ́kọ́ rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n ń ṣe, Ọlọ́run má ṣàì dárí jì mí. Ìgbà tó yá ni mo ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka carbon dioxide, ìyẹn èyí tó máa ń pọ̀ nínú èémí tí a bá mí síta. Ó ka 610 nínú mílíọ̀nù kan ìwọ̀n afẹ́fẹ́ nígbà tí a dé, ó di 1,380 láàárín wákàtí méjì, nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta, ó ti wọ 1,940. Níta gbangba, bíi 420 nínú mílíọ̀nù kan ni. Láti 1858 ni Max von Pettenkofer, onímọ̀ ará Jámánì, ti sọ pé tó bá ti ju 1,000 lọ nínú yàrá, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò dáa tó. Mi ò sọ pé iye tí mo kà yẹn jẹ́ májèlé o. Àmì ni, pé ohun tí ẹnì kan mí síta ni ẹlòmíràn ń mí sínú, tòun ti ọ̀fìnkìn ẹni náà.

Ìyẹn ni mo ṣe tẹ̀ lé oníṣẹ́ yín kẹta gun àkàbà. Páìpù tó yẹ kó máa fa afẹ́fẹ́ wọlé láti ìta ní ilẹ̀kùn kékeré kan nínú. Ilẹ̀kùn náà wà ní títì pa, wọ́n sì fi wáyà dè é. Ó ní bóyá kí owó iná má baà ga ni. Nígbà náà ló yé mi: afẹ́fẹ́ tí a ti mí tán ni ẹ̀rọ ń kó, tó ń mú tutù, tó sì ń dá padà fún wa. Bíi kéèyàn máa fi omi kan náà wẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kí wọ́n sì máa sọ fún un pé omi náà ṣáà tutù.

Asẹ́ tó ń gba eruku ńkọ́? Ó kéré sí ojú ibi tí wọ́n fi í sí, àlàfo ìka méjì ló ṣẹ́kù, ìwé ìròyìn ni wọ́n fi dí i. Ọfà tó ń júwe ibi tí afẹ́fẹ́ á gbà kọjú sẹ́yìn. MERV ni òṣùwọ̀n bí asẹ́ ṣe lè gba eruku tó: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ló ń gba eruku sí i. MERV 8 ló wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ MERV 13 la kọ sínú ìwé àdéhùn. MERV 13 gbọ́dọ̀ lè mú ó kéré tán ìdajì eruku tí ojú ò lè rí, láti 0.3 dé 1 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà). Wọn kì í tilẹ̀ béèrè ìyẹn lọ́wọ́ MERV 8. Mo mọ̀ pé asẹ́ tó bá nípọn máa ń ni fáànù lára. Bí fáànù yẹn ò bá lè gbé e, ẹ sọ fún wa ká jọ gbèrò, kì í ṣe kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Abọ́ tó ń gba omi lábẹ́ ẹ̀rọ ló burú jù. Páìpù tó yẹ kí omi gbà jáde ti dí, omi dúró sójú kan, ó ti ń yọ̀ lọ́wọ́ ẹni, àjà tó wà nítòsí rẹ̀ sì ti bu, ó dúdú. Ibẹ̀ ni òórùn yẹn ti ń wá. Fọ́ọ̀mù yín ti oṣù yẹn gan-an wà níwájú mi báyìí: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ‘abọ́ omi: ó mọ́’.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ náà, kí ẹ sì fi iye àwa tó wà níbẹ̀ díwọ̀n rẹ̀. Ẹ la páìpù omi, ẹ fọ abọ́, ẹ yọ àjà tó ti bu dànù. Ẹ má kùn ún lọ́dà. Ẹ fi asẹ́ tó bá a mu síbẹ̀, kí ẹ sì kó lọ́fíńdà yín lọ. Owó ìbẹ̀wò ẹ̀ẹ̀mẹ̀ẹ̀ta náà, ẹ dá a padà. Mo fún yín ní ọjọ́ 14, lẹ́yìn ìyẹn a ó lo ẹ̀tọ́ tí àdéhùn fún wa láti wá ẹlòmíràn.

Tí ẹ bá ṣe é tán, aago mẹ́ta ọ̀sán ni kí ẹ wá wọ̀n ọ́n, nígbà tí gbogbo wa bá wà níjòókòó, kì í ṣe ọjọ́ Sátidé tí yàrá ṣófo. Ẹ̀rọ mi wà lórí tábìlì. Ìwé ìròyìn tí wọ́n fi dí àlàfo náà wà lábẹ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ayálégbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta