Lẹ́tà sí Wálé ní Calgary: Koss àti ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ààbọ̀ rẹ̀

Wálé, ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́. O ní o lọ wo àwọn tó ń sáré lórí yìnyín ní Olympic Oval, o rí àwọn kan tó sá 10,000 mítà ní ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ó lé díẹ̀, ó wá yà ọ́ lẹ́nu pé Johann Olav Koss tí àwọn ará Nọ́wè ń pariwo títí dòní, 13:30.55 ni tirẹ̀ ní Òlíńpíìkì 1994. O wá bèèrè pé kí ló dé tí wọ́n ṣì fi ń pariwo rẹ̀. Ìbéèrè rẹ dára. Ṣùgbọ́n àkókò nínú eré yìí dà bí owó: náírà ọdún 1994 kì í ṣe náírà òní. O ní láti bèèrè pé orí yìnyín wo ni, bàtà wo ló wọ̀, báwo ló sì ṣe pín agbára rẹ̀.

Jẹ́ ká ti orí yìnyín bẹ̀rẹ̀. Ní Òlíńpíìkì Albertville ní ilẹ̀ Faransé, 1992, ìta gbangba ni wọ́n ti sáré. Yìnyín ìta kò ṣeé gbọ́kàn lé: bí oòrùn bá yọ, ojú rẹ̀ á rọ̀, irin abẹ́ bàtà á máa rì díẹ̀díẹ̀, bí atẹ́gùn bá fẹ́, ẹni tó sáré ní aago mẹ́wàá àti ẹni tó sáré ní aago méjìlá kò bá ohun kan náà pàdé. Níbẹ̀, Koss sá 10,000 mítà ní 14:14.58, ó ṣe ipò kejì sí Bart Veldkamp ará Nẹ́dálándì tó sá 14:12.12. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní Hamar ní Nọ́wè, nínú gbọ̀ngàn Vikingskipet tí òrùlé rẹ̀ dà bí ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ọkùnrin kan náà sá 13:30.55. Ìṣẹ́jú àáyá 44 ló yọ kúrò. Pín in sí ìyípo 25, wàá rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1.8 lórí ìyípo kọ̀ọ̀kan.

Má tíì sọ pé òrùlé ló gbà á. Òrùlé ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n rékọ́ọ̀dù ayé tó fọ́ lọ́jọ́ náà, 13:43.54, abẹ́ òrùlé ni wọ́n ti sá òun náà, ní Heerenveen ní Nẹ́dálándì, 1991. Ta ló sá a? Koss kan náà. Nítorí náà, òrùlé sí òrùlé, ó yọ ìṣẹ́jú àáyá 12.99 kúrò nínú àkókò ara rẹ̀. Kì í sì í ṣe òkè ló ràn án lọ́wọ́. Calgary tìrẹ lé ní 1,000 mítà sókè ojú òkun, atẹ́gùn ibẹ̀ fúyẹ́, ó máa ń jẹ́ kí ara la ọ̀nà kọjá. Etí adágún Mjøsa ni Hamar wà, ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni.

Ó wá ku bàtà. Gbogbo bàtà tí o rí ní Oval, wò ó dáadáa: irin ìsàlẹ̀ so mọ́ iwájú bàtà nìkan, pẹ̀lú ìdè tó ń ṣí tó ń padé bí ìdè ilẹ̀kùn. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń tì, gìgísẹ̀ á gbéra, irin á ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ lórí yìnyín, ìró “klap” tó ń dún yẹn ni irin tó ń padà bá gìgísẹ̀. Ní ìgbà ayé Koss nínú eré yìí, irin dè mọ́ bàtà níwájú àti lẹ́yìn. Bí o bá fi ọrùn ẹsẹ̀ tì dópin, ṣóńṣó irin á gún yìnyín, á máa họ ọ́, ìyára á sì dínkù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ wọn pé kí wọ́n fi gìgísẹ̀ tì, kí wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ kúrò kí ọrùn ẹsẹ̀ tó nà tán. Agbára tó wà nínú iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ń ṣòfò. Nígbà tí bàtà tuntun gbòde, Gianni Romme ará Nẹ́dálándì wọ̀ ọ́ ní Òlíńpíìkì Nagano, 1998, ó sá 13:15.33. Ní tèmi, èyí tó pọ̀ nínú ìyàtọ̀ yẹn, bàtà ló ni ín. Kí bàtà yẹn tó dé, kò sẹ́ni tó kọjá 13:30.55.

O ní o fẹ́ ra bàtà fún ọmọ. Gbọ́ èyí: irin rẹ̀ kò nípọn ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ, kò sì tọ́ bí rúlà. Ó tẹ̀ díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí etí àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá kan tí àárín rẹ̀ sí etí tó mítà 21 sí 25. Bí o bá fẹ́ pọ́n ọn, dojú bàtà méjèèjì dé, dì wọ́n mọ́ inú férémù kí irin méjèèjì wà ní ìpele kan náà, kí o wá fi òkúta pẹlẹbẹ yí i gba orí méjèèjì pa pọ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn, láì tẹ ibì kan ju ibòmíì lọ. Ibi tí o bá tẹ̀ jù á tẹ́, ọmọ kò ní lè gba kọ́nà mọ́. Nígbà tí o bá pọ́n ọn tán, eérún irin tín-ín-rín á ti yọ sí ẹ̀gbẹ́. Èékánná lo fi máa mọ̀ ọ́n. Fi òkúta kékeré rọra nu ún lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbàgbé ìgbésẹ̀ yìí, wọ́n á wá ní irin kò mú, nígbà tó jẹ́ pé eérún yẹn ló ń fà á lórí yìnyín.

Nísinsìnyí, ibi tí mo fẹ́ràn jù: bó ṣe pín agbára rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 810.55 lórí ìyípo 25 jẹ́ 32.4 fún ìyípo kọ̀ọ̀kan, àti ìyípo àkọ́kọ́ tí ènìyàn ti ojú kan gbéra wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àmọ́ ẹ̀sọ̀ ti Koss jẹ́ kìlómítà 44 ní wákàtí kan! Ẹni tó bá ṣe ju ara rẹ̀ lọ ní ìyípo márùn-ún àkọ́kọ́, oró á kó sí itan rẹ̀ kó tó dé ìyípo kẹẹ̀ẹ́dógún. Orúnkún á bẹ̀rẹ̀ sí í nà, àyà á gbéra, atẹ́gùn á máa lù ú, ẹsẹ̀ tó yẹ kó máa tì sí ẹ̀gbẹ́ á máa tì sẹ́yìn. Bí o bá rí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ga sókè, kóòṣì tó ń gbé pátákó iye àkókò sókè lẹ́bàá ọ̀nà kò ní nǹkan kan láti fi ràn án lọ́wọ́ mọ́.

Máa wo ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ọ̀nà pẹ̀lú. Kọ́nà inú kúrú ju ti ìta lọ, nítorí náà wọ́n ń pààrọ̀ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan kí ó lè dọ́gba. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ nínú so aṣọ funfun mọ́ apá, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ níta so pupa. Bí wọ́n bá pàdé, ẹni tó ń bọ̀ láti ìta ló ni ọ̀nà. Ẹni tó ń jáde láti inú ni kó yà fún un, bí wọ́n bá sì kọlu ara wọn, ẹ̀bi rẹ̀ ni.

O tún bèèrè pé ìgbà mélòó ló gba ipò ọ̀gá ayé nínú ìdíje eré mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní World Allround. Ẹ̀ẹ̀mẹta: 1990, 1991 àti 1994. Eré mẹ́rin ni wọ́n ń kó pọ̀ níbẹ̀, 500, 1500, 5000 àti 10,000. Wọ́n á sọ àkókò kọ̀ọ̀kan di ti 500 mítà: wọ́n pín ti 1500 sí mẹ́ta, ti 5000 sí mẹ́wàá, ti 10,000 sí ogún. Èyí tó kéré jù ló borí. Wo ìyà tó wà níbẹ̀ fún ẹni tí eré gígùn mọ́ lára: ìṣẹ́jú àáyá kan péré tó bá sọnù nínú 500, ogún ni yóò fi san án nínú 10,000.

Ti Òlíńpíìkì kò gùn. Ní 1992, pancreas rẹ̀, ẹ̀yà ara kan nínú ikùn, wú, ó wà nílé ìwòsàn ní kété kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe ipò keje nínú 5000, lẹ́yìn náà ó gba wúrà nínú 1500 pẹ̀lú 1:54.81. Ọmọ ìlú rẹ̀, Ådne Søndrål, sá 1:54.85, 0.04 ló là wọ́n. Ní Hamar, February 1994, ó sá 5000 ní 6:34.96, 1500 ní 1:51.29, lẹ́yìn náà 10,000. Wúrà mẹ́ta, rékọ́ọ̀dù ayé mẹ́ta. Kjell Storelid tó tẹ̀ lé e nínú 10,000 fi 18.70 gbẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn àgbà Nọ́wè á rán ọ létí Hjalmar Andersen, tí wọ́n ń pè ní Hjallis: eré mẹ́ta yẹn gan-an ló borí ní Oslo, 1952, 24.8 ló sì fi ju ẹni kejì lọ nínú 10,000. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kì í tán lẹ́nu wọn.

Owó tí wọ́n fún Koss lórí 1500, ó fi ta Olympic Aid, ètò ìrànwọ́ kan, lọ́rẹ, ó sì ní kí àwọn ará ìlú rẹ̀ fi króònì mẹ́wàá sílẹ̀ fún wúrà kọ̀ọ̀kan tí Nọ́wè bá gbà. Ó kó bọ́ọ̀lù àti ohun èlò eré lọ fún àwọn ọmọ Ẹritíríà. Inú iṣẹ́ yẹn ni Right to Play, àjọ tó ń fi eré ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́, ti jáde. Ọmọ ọdún 25 ni nígbà tó fi eré sílẹ̀ ní 1994. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn pẹ̀lú.

Bí o bá padà sí Oval, tan aago fóònù rẹ nígbà tí ẹnì kan bá ń sá 10,000. Kọ ìyípo karùn-ún àti ìyípo ogún sílẹ̀, kí o fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Màá sọ bóyá ó mọ ohun tó ń ṣe.

Bá mi kí Tóbi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Fẹ́mi