Ẹ jẹ́ kí orúkọ wọn wà lára iṣẹ́ wọn: ìpè sí gbogbo ọmọ Abẹ́òkúta fún ilé àwọn obìnrin òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́-ọnà

Ẹ̀yin ọmọ Lísàbí nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, a kí yín o. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àdúrótì. Ẹ̀yin ẹ̀ka Èkó, ẹ̀yin ẹ̀ka Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ní kí n kọ sí yín lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti títì, kì í sì í ṣe ti omi ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ìlú wa tó ń kọ̀wé, tó ń ya àwòrán, tó ń ṣe àdìrẹ ni. Wọ́n ti kó ara wọn jọ ní Abẹ́òkúta, wọ́n dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ láti máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń pàdé, ó lè jẹ́ ní pálọ̀ ẹnìkan lóṣù yìí, kó jẹ́ ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Akéwì wà nínú wọn, tíṣà tó ń kọ ìtàn àròsọ wà nínú wọn, ìyá aládìrẹ tó ti fẹ̀yìn tì wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Wọ́n ní ọgbọ́n, wọ́n ní ìfẹ́ iṣẹ́. Ilé ni wọn kò ní, ilé yẹn la sì fẹ́ kí gbogbo wa dáwó fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹ bá ráyè, ẹ wo àkójọ aṣọ tó wà ní British Museum àti Victoria and Albert Museum. Àdìrẹ ilẹ̀ wa wà níbẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa, wọ́n kọ irú òwú àti irú aró tí wọ́n fi ṣe é, wọ́n kọ ibi tó ti wá, nígbà mìíràn wọ́n kọ orúkọ òyìnbó tó rà á lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tó tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, tó mú ìyẹ́ adìẹ, tó ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sí i lójú kọ̀ọ̀kan, orúkọ tirẹ̀ kì í sábàá sí níbẹ̀. Mi ò di ẹ̀bi ru àwọn òyìnbó nìkan. Àwa tí a jẹ́ ọmọ, tí a jẹ́ ọmọ-ọmọ, a kò kọ ọ́ sílẹ̀ nílé.

Àwọn kan sì máa ń sọ pé kí ló pa aládìrẹ pọ̀ mọ́ òǹkọ̀wé. Ẹ wo iṣẹ́ náà fínnífínní. Láfún ni wọ́n ń sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí yóò fi ki, òun ni wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ, wọn á sẹ́ ẹ, wọn á wá fi ìyẹ́ tàbí igi ìgbálẹ̀ kọ ọ́ sára aṣọ funfun. Bí ó bá gbẹ, ó di inú ìkòkò aró èlú. Wọn á rì í, wọn á sá a, wọn á tún un rì, títí dúdú rẹ̀ yóò fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò ni aró kò ní wọ̀. Ohun tí wọ́n ń yà síbẹ̀ kì í sì í ṣe ọnà lásán. Àwọn aládìrẹ tó ya ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn kó òpó gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn sára aṣọ. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní 1935, àwọn obìnrin ilẹ̀ Yorùbá ya ọba àti olorì sára àdìrẹ, wọ́n pè é ní Júbílì. Ìròyìn àsìkò wọn ni wọ́n ń kọ yẹn. Aṣọ ni ìwé wọn.

Ìlú tí a sì ń sọ yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá jáde ní 1859. A máa ń fi yangàn, ó sì yẹ kí a fi yangàn. Àmọ́ ta ló ń di gègé mú láti ìgbà náà? Nígbà tí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè wa jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàrin 1929 àti 1930, obìnrin ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn ayé rẹ̀ nínú rẹ̀, Ṣẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́. Ọkùnrin ló kọ ọ́, Isaac B. Thomas. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni, n kò bu iṣẹ́ náà kù rárá. Ohun tó ń dùn mí ni pé ohùn obìnrin ti wà nínú ìwé wa láti ìbẹ̀rẹ̀, kí obìnrin fúnra rẹ̀ tó rí àyè jókòó sídìí tábìlì.

Irú ẹgbẹ́ báyìí kì í ṣe ohun àjèjì lọ́dọ̀ wa. Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abeokuta Grammar School ní 1914, bá àwọn obìnrin tó kàwé bíi tirẹ̀ dá Abeokuta Ladies' Club sílẹ̀ ní 1932. Aṣọ rírán, oúnjẹ sísè àti ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n ń kọ́ ara wọn níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1940, àwọn ìyá ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́ mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà lọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe jọ ń jókòó ni àwọn tó kàwé wá gbọ́ ohun tí ojú ọlọ́jà ń rí: ìrẹsì tí wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé lọ́wọ́ wọn, owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin láìsí pé obìnrin kan wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di Abeokuta Women's Union, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo obìnrin, ọlọ́jà àti akọ̀wé. Ohun tó tẹ̀lé e, kò sí ọmọ Ẹ̀gbá tí kò mọ̀ ọ́n: àwọn obìnrin yìí ṣe ìwọ́de ta ko owó orí náà, nígbà tó sì di oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Kábíyèsí padà dé lẹ́yìn náà, a kò sì fẹ́ fi èyí hú ìjà àtijọ́ jáde. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé yàrá kan tí àwọn obìnrin ti ń kọ́ bí a ti ń kọ A, B, D wà nídìí ọ̀rọ̀ ńlá yẹn.

Ẹ sì tún rántí àìpẹ́ yìí. Ní 2013, òǹkọ̀wé Lọlá Shóneyìn gbé àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́-ọnà Aké kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Fún ọdún bíi mélòó kan, àwọn òǹkọ̀wé ń ti ibi gbogbo ní Áfíríkà wá sí ìlú wa. Ní 2018, ó lọ sí Èkó. Ẹni tó gbé e lọ kò ṣẹ̀ wá; Èkó ló ní hòtẹ́ẹ̀lì, òun ló ní pápákọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò lọ tán, kí ló kù sílẹ̀ fún ọmọbìnrin Kẹ́mta tàbí Ìbarà tó ti ń gbọ́ ewì, tó lọ sílé lọ kọ tirẹ̀? Kò sí ibi tó lè gbé e lọ. Ìdí rèé tí ilé fi gbọ́dọ̀ jẹ́ tiwa.

Ẹbí kan ní àdúgbò Aké ti gbà láti yọ̀ǹda ilé alájà àtijọ́ wọn fún àwọn obìnrin yìí. Ògiri rẹ̀ ṣì le. Páànù orí rẹ̀ ti jẹrà, àwọn fèrèsé ti ṣí, kò sí iná. A fẹ́ pààrọ̀ páànù, kí a ri iná sólà mọ́ ọn, kí yàrá òkè di ibi ìkàwé àti ìkọ̀wé, kí pálọ̀ ìsàlẹ̀ di ibi tí wọ́n ó ti máa pàtẹ àwòrán àti aṣọ. Ẹ̀yìnkùlé ni aró yóò wà. Níbẹ̀ ni owó pọ̀ sí jù, ó sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àdìrẹ tí wọ́n ń ṣe báyìí, sódà àti aró òyìnbó ni wọ́n fi ń ṣe é. Sódà máa ń jó ọwọ́, èéfín rẹ̀ máa ń gún ọ̀fun, omi rẹ̀ sì ń ṣàn lọ sínú gọ́tà tí àwọn ọmọ wa ń ṣeré létí rẹ̀. A fẹ́ kọ́ abà tí afẹ́fẹ́ yóò máa gbà kọjá, kí a gbẹ́ kòtò tí omi aró yóò máa rọ̀ sí, kí a ra ìbọ̀wọ́ àti ìbomú. A tún fẹ́ kí àwọn ìyá àgbà tó ṣì mọ aró èlú kọ́ àwọn ọ̀dọ́, kí owó díẹ̀ sì máa kàn wọ́n lọ́wọ́ fún un. Àdìrẹ ẹ̀rọ láti Ṣáínà ti kún ọjà, ọjà àdìrẹ wa ní Ìtòkú pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A kò lè bá ẹ̀rọ du owó pọ́ọ́kú. Aṣọ tí oníbàárà mọ ẹni tó ṣe é, tí orúkọ onítọ̀hún wà ní etí rẹ̀, ìyẹn la lè tà kí owó gidi sì wọlé.

Ìwé ni mo fẹ́ fi kún un. Bí obìnrin kan bá kọ ìwé Yorùbá tán lónìí, àwọn atẹ̀wé yóò ní kó mú gbogbo owó wá, ẹni tó ń tò ó lórí kọ̀ǹpútà kò sì mọ àmì ohùn, gbogbo rẹ̀ á wá dàrú. Ẹgbẹ́ yìí fẹ́ kọ́ ọmọ wọn méjì ní iṣẹ́ ìtòwé, kí wọ́n máa tẹ ìwé kan ó kéré tán jáde lọ́dọọdún, kí wọ́n sì máa gba oríkì orílẹ̀ àti ègè sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá wa, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kì í. Wọ́n sì bẹ̀ wá kí a má gbàgbé ẹni tí yóò máa mójú tó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìyẹn sí nǹkan kékeré. Obìnrin tí ọmọ so mọ́ lẹ́yìn, tí òmíràn ń fà láṣọ, ìlà mélòó ló fẹ́ kọ?

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò ní títì ló yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe. Títì dára, a kò sì dáwọ́ dúró lórí rẹ̀. Ẹ wo ohun tí obìnrin kan ṣe ní Òṣogbo. Níkẹ̀ Okundaye, ọmọ Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí, dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọnà sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1983, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tó kọ́ sì ti ń fi iṣẹ́ náà jẹun káàkiri. Òun nìkan ló bẹ̀rẹ̀. Àwa pọ̀.

Ohun tí ìgbìmọ̀ ń bẹ̀ yín fún rèé: kí ọmọ ẹgbẹ́ nílé dá 10,000 náírà, kí ẹni tó wà lókè òkun dá 50 pọ́n-ùn tàbí 60 dọ́là. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó o, kó mú èyí tó bá rí wá, a kò ní wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí Ọlọ́run bá bù kún lè gba páànù, tàbí sólà, tàbí abà aró, kó ṣe é tán fúnra rẹ̀. Akápò ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kó owó fún, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹnì mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí ìwé kí owó tó jáde ní àkáǹtì, méjì nínú wọn jẹ́ obìnrin láti inú ẹgbẹ́ yẹn. A ó ka ìṣirò owó sétí gbogbo yín ní ìpàdé gbogbogbò, bí a ti ń ṣe.

Ẹ tún bá wa wo inú àpótí àwọn ìyá yín. Bí àdìrẹ àtijọ́ bá wà níbẹ̀ tí ẹ sì mọ ẹni tó ṣe é, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ orúkọ ìyá náà, agboolé rẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń pe ọnà ara aṣọ náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹ̀ka yín. Ìwé orúkọ yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí a ó gbé sínú ilé náà. A fẹ́ kí owó àti orúkọ ti wọlé kí Ọ̀sẹ̀ Lísàbí tó ń bọ̀ tó dé, kí àwọn káfíńtà lè gun orí ilé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé Àgbà,
lórúkọ Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ