Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí béèsì tí orí rẹ̀ kán fi ń pẹ́ lọ́dọ̀ wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú sùúrù. Ọ̀pọ̀ yín ti bi mí pé kí ló dé tí gìtá béèsì tí orí rẹ̀, ìyẹn ibi tí a ti ń yí okùn, kán fi ń lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, nígbà tí káfíńtà àdúgbò ní òun á lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìbéèrè náà tọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó wà lórí tábìlì mi báyìí dáhùn.

Gibson EB-0 ọdún 1964 ni, béèsì olókùn mẹ́rin tí ilé-iṣẹ́ Gibson ṣe. Bàbá ẹni tó gbé e wá ló ń ta á nínú ẹgbẹ́ jùjú nígbà ayé rẹ̀; ọmọ ló ń ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Wọ́n gbé e ti ògiri lẹ́yìn ìsìn, ẹnì kan fẹsẹ̀ kọ́ wáyà, gìtá sì fẹ̀yìn lélẹ̀. Kò jábọ́ láti orí nǹkan kan, síbẹ̀ orí kán.

Kì í ṣe pé igi náà ti gbó. Bí wọ́n ṣe ṣe é ló fà á. Orí rẹ̀ ò tò gbọọrọ pẹ̀lú ọrùn, ó tẹ̀ sẹ́yìn ní dígírì 17, nítorí náà orí ló máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Igi mahogany kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbẹ́ ọrùn àti orí, àwọn ìlà inú igi sì máa ń gé kúrú níbi tó ti tẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n tún gbẹ́ ihò sí fún irin tó ń gbé ọrùn ró. Igi díẹ̀ ló wá kù, okùn mẹ́rin sì ń fà á pẹ̀lú agbára tó ju àpò ìrẹsì kílò 50 lọ. Ẹni tó ń lo béèsì Fender Precision, tó jáde ní 1951, kì í sábà rí irú èyí: orí tirẹ̀ kò tẹ̀ sẹ́yìn, igi maple tó le ni, síkúrù mẹ́rin ló sì de ọrùn mọ́ ara, a lè tú u. Ti EB-0, gúlù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n kíkán yẹn kọ́ ló jẹ ọjọ́ wa. Súpà gúlù ni. Kí wọ́n tó gbé e wá, ẹnì kan ti dà á sójú ibi tó kán, ó sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní wíwọ́. Gúlù yẹn máa ń wọnú igi, ó sì ń dí i, gúlù mìíràn ò ní ríbi dì mú mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni èmi àti ọmọṣẹ́ mi fi họ ọ́ díẹ̀díẹ̀, torí bí a bá họ igi mọ́ ọn, ojú méjèèjì ò ní bá ara wọn mu. Lẹ́yìn náà la fi gúlù tí wọ́n ń sè láti ara awọ ẹran lẹ̀ ẹ́, a fi kilámpù dì í, a ò sì fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kejì.

“Ẹ kúkú gé orí yìí, kí ẹ gbẹ́ tuntun tó bágbà mu,” ni oníbàárà náà wí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká má ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo gé orí béèsì àtijọ́ kan báyẹn. Ó dára lójú. Ìgbà tí olówó rẹ̀ fẹ́ tà á, àwọn tó ń ra gìtá àtijọ́ wò ó, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Orí tó kán tí a tún ṣe máa ń dín owó gìtá kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí a gé dànù ò ṣeé dá padà. Ó ń dùn mí títí dòní.

Èyí ò ní ká má fi àrà sí i o. Igi tó ti sọnù létí ibi tó kán, ọ̀gànwó ni mo fi rọ́pò rẹ̀, torí mọ̀lẹ́bí mahogany ni. Mo tún gbẹ́ ojú ọ̀nà tóóró méjì gba ibẹ̀ kọjá, mo ki ọ̀pá ọ̀gànwó tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Oníbàárà ní òun ò fẹ́ kí a fi ọ̀dà bo ojú àpá náà lẹ́yìn. A wá fi awẹ́ igi apá pẹlẹbẹ, mílímítà 2, bo ẹ̀yìn orí. Igi apá ni àwọn agbẹ́gi fi ń gbẹ́ ìlù, ìlù gángan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ ní gbogbo ọdún tó fi ta béèsì yẹn. Awẹ́ igi náà ń fún orí lágbára, iwájú tí orúkọ wà ò sì yí padà. Irú àrà tí mo fẹ́ràn nìyẹn.

Bí tiyín bá kán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ dẹ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má fi gúlù kankan sí i, ẹ má sì máa tò ó pọ̀ wò. Ẹ ṣa gbogbo èérún igi ilẹ̀, kódà èyí tí kò ju ìtayín lọ, ẹ fi bébà wé e wá. Ẹ má lẹ sẹlotéèpù mọ́ ọn. Ọ̀dà àtijọ́ máa ń bá a ṣí kúrò. A kì í dá iye owó lé iṣẹ́ lórí fóònù, àmọ́ a kì í gbowó àyẹ̀wò.

Lọ́jọ́ Ẹtì la ó fi okùn tuntun sí EB-0 náà. Olówó rẹ̀ ní òun á mú ìyá òun dání wá gbọ́ ohùn rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Alátùn-únṣe gìtá yín