Vámpáyà Kì Í Ṣe Àjẹ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, ní aago mẹ́rin, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan gbé fíìmù vámpáyà jáde, ẹnì kan sì ń fi Yorùbá túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí eléyín gígùn náà bá ti yọjú, ariwo tí ògbufọ̀ ń pa ni pé, "Àjẹ́ ti dé o!" Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, wà nídìí rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, màmá àgbà ojúlé kejì wá pọn omi ní kànga wa, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ figbe ta, ó sá pamọ́ sẹ́yìn mi: "Màmá, àjẹ́ ni wọ́n, ẹ wo eyín wọn!" Eyín méjì péré ló kù lẹ́nu màmá yìí. Wọ́n gbé garawa wọn lófìfo, wọ́n lọ.

Vámpáyà kì í ṣe àjẹ́! Òkú ni: ẹni tí wọ́n ti sin, tó ń jáde nínú pósí lóru láti fa ẹ̀jẹ̀ alààyè mu. Àjẹ́ tí àwọn baba wa ń sọ, alààyè ni, ó lọ́kọ, ó bímọ, ó ń nájà. Ẹ̀mí rẹ̀ ni wọ́n ní ó ń gbé ẹyẹ wọ̀. Wọ́n á ní ṣebí àwọn méjèèjì ń mu ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀fọn náà ń mu ẹ̀jẹ̀.

Èmi ò kórìíra fíìmù vámpáyà o. Mo mọ ìdí tí kò fi tán lójú àwọn ènìyàn: ìran kọ̀ọ̀kan ló ń dá aṣọ tirẹ̀ fún un. Nínú ìwé Dracula ti 1897, tí wọ́n fi orúkọ vámpáyà inú rẹ̀ pè, ó ń rìn lọ́sàn-án. Àwọn ará Jámánì ló jẹ́ kí oòrùn pa á nínú fíìmù wọn ti 1922. Nínú fíìmù kan ní 1972, òṣèré William Marshall ṣe ọmọ ọba Áfíríkà kan tó lọ bẹ Dracula pé kó ran òun lọ́wọ́ láti fòpin sí òwò ẹrú, ni Dracula bá bù ú jẹ, ó sọ ọ́ di vámpáyà. Ní 2025, nínú fíìmù Sinners tí Ryan Coogler ṣe, Wunmi Mosaku, ọmọ wa tí wọ́n bí ní Zaria, ló ṣe obìnrin adáhunṣe. Obìnrin yìí kọ́kọ́ rò pé iwin lásán ni vámpáyà inú fíìmù náà. Nígbà tó yé e, ó ṣàlàyé pé vámpáyà yàtọ̀, pé ẹ̀mí rẹ̀ há sínú ara, kò lè dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀. Bí obìnrin inú fíìmù bá lè fìyàtọ̀ sí i, kí ló ṣe ògbufọ̀ tiwa?

Àwọn tí ìjọba ń sanwó oṣù fún pé kí wọ́n máa ṣọ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Orin nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n fòfin dè. Fíìmù ẹlẹ́rù, aago mẹ́wàá alẹ́ ló yẹ ẹ́.

Orúkọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Bí "vámpáyà" bá wúwo lẹ́nu, ẹ pè é ní òkú amùjẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní òkú nínú. Ọmọdé tó bá gbọ́ ọ kò ní máa wá a kiri láàárín àwọn màmá àdúgbò. Kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri sítúdíò, níwájú ògbufọ̀ gan-an, kí wọ́n sì fi í sínú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù. Kí àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá náà yé ki eyín ike bọ òṣèré àjẹ́ lẹ́nu. Bí wọ́n bá ń wá òkú tó ń rìn, àkúdàáyà wà nílẹ̀.

Vámpáyà kì í ṣe àjẹ́. Kí ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì ní aago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé, ní Yorùbá. Mo ti lọ bẹ màmá yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni wọ́n ti ń pọnmi báyìí.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.