Lẹ́tà ẹ̀sùn: Táyà yìnyín tí ẹ tà fún mi ní Ìkòròdú

Agbègbè Agric,
Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ 17, Oṣù Keje, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ tó ń ta táyà,
Ẹ̀ka Ìkòròdú.

Ẹ̀yin ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ TÁYÀ MẸ́RIN: MO FẸ́ GBA OWÓ MI PADÀ

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ara mi wá sí ṣọ́ọ̀bù yín lórí ọ̀rọ̀ yìí, mánéjà yín ní kí n lọ kọ ọ́ sínú ìwé, pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò ní dé ọ̀dọ̀ yín. Mo ti kọ ọ́ nìyí o.

Nínú oṣù Kẹta ọdún yìí ni mo ra táyà mẹ́rin lọ́wọ́ yín fún Corolla mi, ìwọ̀n 195/65R15, ₦85,000 lórí ẹyọ kan. Ẹ̀dà rìsíìtì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Owó tí mo mú wá kò tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí táyà gidi wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà tí kò ju ₦68,000 lọ. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàlàyé ara mi fún ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn: pé ata ni mò ń tà ní Sábó, pé Mile 12 ni mo ti ń lọ gbé e láàárọ̀, pé ọkọ̀ yìí kan náà ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé. Ó ní, "Mummy, tiyín ti dé. Táyà wíńtà ni kí ẹ rà. Òjò ò lè rí i gbé ṣe." Mo bi í pé kí ni òkè ṣóńṣó mẹ́ta tó ní yìnyín nínú tí mo rí lára táyà yẹn. Ó ní àmì pé ojúlówó ni. Ó tún nàka sí M àti S tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ (ìyẹn mud and snow, ẹrẹ̀ àti yìnyín), ó ní ìyẹn ni kì í jẹ́ kó rì sínú ẹrẹ̀, àti pé ta ló tún mọ ẹrẹ̀ tó ará Ìkòròdú? Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo fi owó kún owó, mo san án.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bákan. Lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn bá ti pa ọ̀dà gbóná, tí mo bá yí sítíárìn, ọkọ̀ á kọ́kọ́ rò ó ná kó tó dá mi lóhùn. Mo gbé e lọ fún aláínmẹ́ntì, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Mẹkáníìkì yẹ bírékì wò, ó ní kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ ń ṣẹ́ wẹliwẹli, mo ti gun afárá Màjídùn, mo ń bọ̀ láti Mile 12, dáńfó tó wà níwájú mi dúró lójijì láti gbé èrò. Mo tẹ bírékì mọ́lẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ ń lọ ní tirẹ̀. Ìgbà tó máa dúró, àyè tó kù láàárín bọ́ńpà mi àti ìdí dáńfó yẹn, ọmọ ọwọ́ ò lè gbà á kọjá. Kọ̀ńdọ́ yọrí wò mí, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì wa ni?" Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, torí àwọn ọmọ mi ni wọ́n máa ń jókòó síwájú tí wọ́n bá ti dé láti iléèwé, kì í ṣe apẹ̀rẹ̀ ata.

Fọkanáísà tó wà lẹ́yìn ọjà ló tú àṣírí. Ó fi géèjì wọ̀n atẹ́gùn, iye tí ìwé etí ilẹ̀kùn ọkọ̀ wí ló bá níbẹ̀. Ó wá fi èékánná àtàǹpàkò tẹ ojú táyà, ojú èékánná hàn níbẹ̀ gbangba. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, táyà yín ń yọ́." Etí ojú táyà níwájú ti rí ṣágiṣàgi, rọ́bà wínníwínní ń bọ́ sílẹ̀ tó bá fọwọ́ rá a, bẹ́ẹ̀ táyà tí kò tíì rí ọdún kan lójú pópó ni. Ó tú ọ̀kan kúrò, ó yí i padà. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí abẹ́ ọkọ̀ ni nọ́ńbà ọjọ́ orí rẹ̀ wà: 3819. Ọ̀sẹ̀ kejìdínlógójì ọdún 2019 nìyẹn. Ìta tí oníbàárà lè rí kò ní nọ́ńbà yìí rárá. Èmi kò sọ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ dè é bẹ́ẹ̀ o, mo kàn ń sọ ohun tí ojú mi rí.

Nígbà tí mo gbé ẹjọ́ yìí wá, mánéjà yín fi ara balẹ̀ dá mi lóhùn, mo sì dúpẹ́ pé kò bú mi. Àmọ́ ìdáhùn rẹ̀ kò dùn mọ́ mi nínú, torí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín gbọ́ tèmi.

Ó ní táyà òtútù, ìyẹn táyà wíńtà yìí, ni táyà tó dára jù, pé nítorí náà ló ṣe wọ́n. Mo ti béèrè, mo sì ti kà nípa rẹ̀ dáadáa báyìí. Rọ́bà táyà kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ gbígbóná, bí òtútù bá mú un, ńṣe ló máa gan, kò ní lè di ilẹ̀ mú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi po rọ́bà ti ìgbà òtútù lọ́tọ̀, kó lè máa rọ̀ nígbà tí ooru ojú ọjọ́ bá ti kéré sí 7°C, tí wọ́n sì fi ilà tín-ín-rín kún ojú rẹ̀ kó lè máa gán yìnyín mú. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n Ìkòròdú ńkọ́? Àní nínú ọyẹ́, láàárọ̀ kùtù tí a ń wá súwẹ́tà kiri, a kì í súnmọ́ 7°C. Inú fíríìjì tí mò ń kó ata gígún sí nìkan ni mo mọ̀ ní Agric tó tutù tó bẹ́ẹ̀, n kì í sì í wakọ̀ gba ibẹ̀.

Rọ́bà tó ti rọ̀ nínú yìnyín, ẹ wá gbé e sórí ọ̀dà tí oòrùn ọ̀sán ti ń yan láti àárọ̀. Ó di dandan kó rọ̀ jù. Ojú rẹ̀ á máa mì, á máa tẹ̀ síbí tẹ̀ sọ́hùn-ún, ìyẹn ni sítíárìn mi ṣe ń pẹ́ dáhùn. Tí ẹ bá tẹ bírékì, ọkọ̀ á rìn jìnnà sí i kó tó dúró, rọ́bà á sì tètè jẹ tán. ADAC, ẹgbẹ́ ńlá àwọn awakọ̀ ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti mọ táyà yìí ju èmi àti ẹ̀yin lọ, ń kìlọ̀ fáwọn èèyàn wọn pé kí wọ́n má fi í wakọ̀ nígbà ooru nítorí ọ̀rọ̀ bírékì yìí gan-an. Ooru tiwọn rèé o, tí kì í kọjá oṣù mélòó kan.

Ti òjò tí ọmọkùnrin yín fi tà á fún mi ni ó bí mi nínú jù. Òjò tí wọ́n ṣe é fún, òjò tútù tó fẹ́ẹ̀ di yìnyín ni. Òjò tiwa lọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń rọ̀, orí ọ̀dà gbígbóná ló sì ń rọ̀ sí. Ohun tó ń lé omi kúrò lábẹ́ táyà níbí ni ojú táyà tó le dáadáa, tí kòtò rẹ̀ jìn, tí kò sì tíì jẹ. Ti ẹrẹ̀ náà, táyà ẹrẹ̀ wà lọ́tọ̀, ojú rẹ̀ a máa rí gbànàgbànà, kì í ṣe ilà tín-ín-rín. Àmì M+S yẹn pàápàá, ẹni tó ṣe táyà lè kọ ọ́ sí i láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni dán an wò lórí yìnyín, kí á má tíì sọ ti ẹrẹ̀ Ìgbógbó. Òkè tó ní yìnyín nínú nìkan ló ní ìdánwò nídìí. Ní Jámánì, táyà tí wọ́n ṣe láti ọdún 2018 tó jẹ́ M+S nìkan ló ní, wọn ò kà á sí táyà òtútù. Ẹ wá ń fi í tajà fún aláta ní Sábó.

Mánéjà yín tún ní ará Jámánì àti ará Kánádà ń lò ó sí ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, kí ló dé tí tèmi á fi yàtọ̀? Òótọ́ ni pé wọ́n ń lò ó. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Montreal, ọkọ̀ kékeré bíi tèmi ló ń wà. Ìjọba Quebec fi dandan lé e pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá di ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, táyà òtútù ni kí ọkọ̀ wọ̀. Jámánì náà, láti ọdún 2010 ni òfin wọn ti là á sílẹ̀ pé bí yìnyín bá ti wà lójú ọ̀nà, òun ni kí wọ́n lò. Mo bi àbúrò mi bóyá ó tọ́ kéèyàn ná irú owó yẹn lórí ọkọ̀ lásán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n tiẹ̀ má ṣòfin, màá rà á." Ó ní lórí yìnyín, táyà lásán kì í ṣe táyà mọ́. Owó rẹ̀ kì í sì í ṣòfò, torí oríṣi méjì ló ní: bí ọ̀kan bá wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, èkejì á wà nílé, kò ní jẹ, èyí á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Àmọ́ tí yìnyín bá ti lọ, wéré ló máa ń bọ́ ọ. Ará Jámánì náà, oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń dè é, bí ọdún Àjíǹde bá ti kọjá, wọ́n ti tú u. Nígbà wo ni tèmi máa tú? Ọdún Àjíǹde ti lọ, Iléyá ti lọ, oòrùn ń ràn.

Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ àbúrò mi ni mò ń gbé, màá ra táyà yín, màá tún máa dúpẹ́. Ẹjọ́ tí mo ní kì í ṣe pẹ̀lú táyà.

Ti ọjọ́ orí táyà náà, mánéjà yín ní táyà tí kò rìn kì í gbó. Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, wí pé ọdún mẹ́rin ni táyà ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, wọn ò sọ pé láti ọjọ́ tí oníbàárà rà á. Lọ́jọ́ tí ẹ gba owó mi, tèmi ti lé ní ọdún márùn-ún. Ẹ kọ "tuntun" sórí rìsíìtì. N kò fẹ́ fa ìyẹn gùn, òǹkà lásán ni.

Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ṣe táyà nílé mọ́. Michelin ti ti ilé-iṣẹ́ wọn ní Port Harcourt pa lọ́dún 2007, Dunlop ní Ìkẹjà dáwọ́ dúró lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ohun tó bá ti òkun wọlé la ó rà. Ṣùgbọ́n ìdí nìyẹn gan-an tí a fi ń wá sọ́dọ̀ irú yín, tí a kì í lọ ra tòkunbọ̀ létí títì: kẹ́ ẹ lè bá wa yọ èyí tí kò yẹ wá kúrò nínú àpótí kó tó dé orí igbá.

Ẹ ti ní ẹ máa gba méjì padà, kí n máa lo méjì yòókù. Rárá o. Kí rọ́bà kan máa di ilẹ̀ mú níwájú, kí òmíràn máa fà lẹ́yìn, ẹni tó bá ń wakọ̀ mọ ohun tíyẹn lè fà ní kọ́nà. Ẹ tún ní ẹ máa dín owó kù fún mi nígbà tí mo bá tún wá rajà. N kò wá rajà.

Ohun tí mo fẹ́ ni ₦340,000 mi pé. Bí ẹ bá sì fẹ́ fún mi ní táyà dípò owó, mẹ́rin ni, ti ilẹ̀ gbígbóná, tí wọ́n ṣe láàárín ọdún kan sí ìsinsìnyí, tí màá ka nọ́ńbà rẹ̀ fúnra mi kí ẹ tó dè é, kí ẹ sì dá ìyàtọ̀ owó padà. Mo tún fẹ́ kí ẹ bá àwọn ọmọ iṣẹ́ yín sọ̀rọ̀ kí wọ́n yé fi táyà yìí tan ìyá ẹlòmíràn. Mo rí i pé ẹ ṣì tò ó síwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo kọjá lọ́jọ́ Sátidé.

Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn rẹ̀, àjọ FCCPC, tí òfin ọdún 2018 dá sílẹ̀ láti máa gbèjà oníbàárà, ni màá kọ̀wé sí, pẹ̀lú rìsíìtì àti fọ́tò nọ́ńbà 3819 yẹn.

Mo ti bọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, wọ́n ń gba àyè ata. Ẹ lè rán ẹni wá kó wọn láàárọ̀ ọjọ́ kọ́jọ́ yàtọ̀ sí ọjọ́ Àìkú, kó jẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́jọ, torí mo máa ń wà lójú ọ̀nà Mile 12 kó tó dìgbà yẹn. Ẹni tó bá máa wá, kó mú owó dání.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Ìyá Ìbejì, aláta,
Sábó, Ìkòròdú.