Lẹ́tà sí Àlàní, ọmọ mi tó ń ṣe àlùfáà ní Ifẹ̀

Òkèṣà,
Iléṣà.
Ọjọ́ 4, oṣù Kọkànlá.

Àlàní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Mo mọ̀ pé Pásítọ̀ ni gbogbo ọgbà yunifásítì ń pè ọ́. Àlàní ni mo ń kì ọ́ láti kékeré, òun náà ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá kọjá, o ò pè. Láti ìgbà tí o ti wọ ìjọ Lutheran, kò sí ọdún tí o kì í pè mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé, "Màmá, òní ni Luther tó bẹ̀rẹ̀ ìjọ wa gbé ọ̀rọ̀ márùndínlọ́gọ́rùn-ún tó fi ta ko títa ìwé ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Wittenberg, ní ilẹ̀ Jámánì, ní 1517," bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Lọ́dún yìí, mo gbé fóònù lé itan títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣé Ifẹ̀ sí Iléṣà náà ló jìnnà tó báyìí?

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà, tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín, ló sọ fún mi pé akẹ́kọ̀ọ́ kan kú, pé ìwọ lo tẹ̀lé òkú rẹ̀ dé ilé àwọn òbí rẹ̀. Ó ní láti ìgbà náà, bí àwọn ọmọ bá ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ lálẹ́, orí àga ni wọ́n ń bá ọ nínú òkùnkùn, o ò sùn, o ò jí. Ó ní o ti rù. Ṣé ẹnu ẹlẹ́lùbọ́ ló yẹ kí n ti gbọ́ ìròyìn ọmọ tí mo bí?

Ta ni ń gbọ́ tìrẹ, Àlàní?

Iṣẹ́ rẹ yé mi díẹ̀. Èyí tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò á wá, èyí tó lóyún á wá, èyí tí owó ilé-ìwé rẹ̀ kò pé, èyí tí kò gbà pé Ọlọ́run wà mọ́. Wọ́n á jókòó, wọ́n á sọ tẹnu wọn, ara á fúyẹ́, wọ́n á lọ. Ìwọ ò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ikùn kan ṣoṣo lo ní.

Mo ti ka ìwé tí o fi sílẹ̀ ní yàrá rẹ tán. Luther tó kọ katikísìmù, ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìgbàgbọ́, ní 1529, tó dúró níwájú ọba ńlá ní ìlú Worms ní 1521 tí kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, òun náà ní ẹni tó ń lọ jẹ́wọ́ fún: Bugenhagen, pásítọ̀ ìjọ Wittenberg. Ta ni Bugenhagen tìrẹ?

Dúpẹ́ ti bí, ọkùnrin ni. Tiransfọ́mà àdúgbò tún ti jó. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn ún. Iṣu mẹ́fà wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Má kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Inú ń bí mi sí ọ, má rò pé kò bí mi. Bí o bá dákú síbẹ̀, ṣé àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni yóò wá kan ilẹ̀kùn mi?

Àmọ́ èmi náà ni mo pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Lásìkò Lẹ́ńtì tó kọjá, o pè mí ní nǹkan bí aago kan òru. O ní, "Màmá, ó rẹ̀ mí." Mo ní, "Kì í rẹ pásítọ̀, dìde kí o gbàdúrà." O dákẹ́ díẹ̀, o ní, "Ẹ ṣeun, Màmá." Láti ọjọ́ náà, àlàáfíà nìkan ni mo ń gbọ́ lẹ́nu rẹ.

Òmíràn tún wà. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́wọ́ lé ọ lórí, o gbà pé bàbá rẹ ni kò jẹ́ kí a wá, torí pé o lọ ṣe agùnbánirọ̀ ní Numan, ní ìpínlẹ̀ Adamawa, o sì fi Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀ fún ìjọ tí iṣẹ́ míṣọ́nnárì àwọn ará Dẹ́nmáàkì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1913. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Bàbá rẹ ti wọ agbádá láti ìdájí, ó ti wọ bàtà, ó jókòó sí pálọ̀. Èmi ni mo ní orí ń fọ́ mi. Ẹnu àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Ọ̀tapẹ̀tẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, ó ṣí fìlà, ó gbé e lé itan, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí di alẹ́. Aṣọ tí mo rán fún ọjọ́ náà wà nísàlẹ̀ àpótí. N ò tíì wọ̀ ọ́ rí.

Àìpẹ́ yìí ni mo gbọ́ nínú ìwàásù pé ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, 1738, tí ọkàn Wesley wa, tó bẹ̀rẹ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gbóná níbi ìpàdé kan ní òpópónà Aldersgate ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ tí Luther kọ sórí ìwé Róòmù ni wọ́n ń kà. Omi bọ́ lójú mi lórí bẹ́ńṣì. Kí wá ni mo ń tijú sí?

O mọ̀ pé òṣómàáló ni bàbá tó bí mi. Bó bá ta aṣọ àwìn fún ọ, tí o ò san án, á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ títí owó yóò fi jáde. Ìwọ jẹ mí ní gbèsè báyìí. Bí n ò bá gbóhùn rẹ kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó pé, màá wọkọ̀, màá wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ. Má sọ fún mi pé àlàáfíà ni. Sọ èyí tó rẹ̀ ọ́, kí o sọ ọ́ tán. N ò ní í já lu ọ̀rọ̀ rẹ.

Aṣọ yẹn ni màá wọ̀ wá.

Èmi ni,
ìyá rẹ.